Síkì Tí Mo Fẹ́ Dàgbà Bá

Westchase,
Houston, Texas.
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹta, ọdún 2025.

Babáwálé, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí gbogbo ilé yín ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ṣé ara le? Ṣé ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ ti walẹ̀, àbí o ṣì ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀ nígbà tí ìyàwó rẹ bá kọ ẹ̀yìn? Kí Olúwa fi okun sí ara rẹ, kí lẹ́tà yìí sì bá ọ níbi tí o jókòó sí pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu. Ní tèmi àti Ọláníkẹ́ ìyàwó mi, a wà láàyè, a sì ń dúpẹ́. Orúnkún mi méjèèjì ń ro mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ṣùgbọ́n inú mi dùn débi pé n kò ka ìrora náà sí.

Mo mọ̀ pé mo lè pè ọ́ lórí fóònù. Ṣùgbọ́n ìwọ lo kọ lẹ́tà ojú ìwé mẹ́rin sí mi lọ́dún tó kọjá, tí o bú mi dáadáa nínú rẹ̀ nípa ọ̀rọ̀ Démiládé ọmọbìnrin mi, tí n kò sì fèsì. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n fèsì. Ní báyìí tí ìtìjú ti tán, ó yẹ kí n dá ọ lóhùn bí o ṣe bá mi sọ̀rọ̀, pẹ̀lú gègé àti ìwé. Kùdírátù tí a jọ ń gbé ládùúgbò yìí ń bọ̀ wá sílé lọ́jọ́ Ẹtì, òun ni màá fi rán.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ rán ọ létí bí ìjà náà ṣe bẹ̀rẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé o ti ń gbàgbé nǹkan. Démiládé nìkan ni Ọlọ́run fún wa. Ó ku ọdún kan kí ó parí ẹ̀kọ́ nípa oògùn pípò ní yunifásítì, ni ó bá pè wá lọ́jọ́ kan pé òun ti fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, òun ti wà ní Colorado lórí òkè, òun ń kọ́ àwọn èèyàn ní eré síkì. Eré! Mo pariwo títí àwọn ará òkè wa nínú apartment fi kan ilẹ̀ lórí wa. Mo ní: “Títí o ó fi padà sí kíláàsì, má pè mí ní Daddy mọ́.” Babáwálé, ọmọ náà gbọ́ràn. Fún ọdún méjì gbáko, tí ó bá pe ìyá rẹ̀ tí mo sì bá wọn gbé fóònù, yóò ní “Ẹ káàárọ̀, sà.” Sà, bí ẹni tó ń bá máníjà báńkì sọ̀rọ̀. Kò sí ìgbà tí mo gbọ́ ọ tí kò dùn mí wọra, ṣùgbọ́n agídí mi kò jẹ́ kí n sọ fún ẹnikẹ́ni.

Nínú oṣù kìíní ọdún yìí ni ó rán ìyá rẹ̀ sí mi. Ó ní: “Mummy, ẹ bá mi sọ fún wọn pé kí wọ́n wá. If they can follow me down one blue run, ẹyọ kan péré, on telemark, màá jókòó, màá gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n bá fẹ́ sọ nípa school.”

O ò ní mọ ohun tí ó ń sọ, èmi náà kò mọ̀ ọ́n nígbà náà. Síkì ni pákó tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn méjì tí àwọn èèyàn máa ń dè mọ́ bàtà láti fi yọ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí òkè tí yìnyín bò. Àwọ̀ ni wọ́n fi ń pín àwọn ọ̀nà orí òkè náà: àwọ̀ ewé fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́, búlúù fún ẹni tó ti mọ̀ ọ́n díẹ̀, dúdú fún àwọn tí ikú kò bà lẹ́rù. Síkì tó wọ́pọ̀ máa ń de iwájú bàtà àti gìgísẹ̀ mọ́lẹ̀. Èyí tí Démiládé ń ṣe, tí wọ́n ń pè ní tẹ́límáàkì, iwájú bàtà nìkan ló ń dè, gìgísẹ̀ kò ní ìdè. Tí èèyàn bá fẹ́ yà, yóò ti ẹsẹ̀ kan síwájú, yóò sì mú orúnkún ẹsẹ̀ kejì lọ sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ kúnlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣe é, ọ̀tún, òsì, títí yóò fi dé ìsàlẹ̀.

Ṣé o mọ ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn? Kì í ṣe pé màá rí ọmọ mi. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé ọwọ́ mi ti tẹ̀ ẹ́. Èmi tí mo ti ń gun táǹkì epo ní Baytown láti ọdún mẹ́tàlélógún, tí mò ń yẹ̀ wọ́n wò lẹ́rùn lójò, kí ni òkè kan fẹ́ fi mí ṣe? Màá sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, màá sọ̀rọ̀, yóò padà sí kíláàsì, ọ̀rọ̀ bùṣe. Mo gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan níbi iṣẹ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ ìmúrasílẹ̀.

Houston kò ní òkè. Ibi tó ga jù lọ ládùúgbò wa ni afárá freeway. Nítorí náà orí kápẹ́ẹ̀tì pálọ̀ ni mo ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ orúnkún, mo gbé fóònù síwájú mi, mò ń wo fídíò. Ọláníkẹ́ dé láti ibi iṣẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó bá mi lórí orúnkún kan, mo na ọwọ́ méjèèjì síwájú, mo di ojú, mò ń mí gúlegúle. O kúkú mọ̀ pé ìjọ Aládùúrà là ń lọ. Obìnrin náà bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀ tì mí, ó ní: “Àmín, Jésù. Bá wa dá ọmọ wa padà.” Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún un pé síkì ni mò ń kọ́? Mo bá a ṣe àmín. Omi bọ́ lójú mi lọ́jọ́ náà, mo sì díbọ́n pé òógùn ni.

Ọ̀rọ̀ wá kan síkì tí màá lò. Wọ́n ń háyà á lórí òkè, Démiládé sì ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé kí n má ra nǹkan kan. Ṣé èmi ni wọ́n ń sọ ìyẹn fún? Mo wá a lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo rí bàbá òyìnbó kan ní Stafford tó fẹ́ ta tirẹ̀ nítorí pé orúnkún rẹ̀ ti bàjẹ́. Oríṣi méjì ló tò sínú gàráàjì rẹ̀. Ọ̀kan kúrú, ó sì rọ̀. Tí o bá gbé e dúró, kò ga kọjá imú mi. Ìkejì ga jù mí lọ, ó fẹ̀, ó le gbagidi. Bàbá náà wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní: “First time? Take the short pair, my friend.” Ọ̀rọ̀ yẹn bí mi nínú. Mo rò pé ó ń fojú kéré mi. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ohùn ìyá mi ló ń dún létí mi: ta ló ń ra nǹkan tó ṣe é gẹ́ẹ́? Èyí tí èèyàn yóò dàgbà bá là ń rà. Ni mo bá gbé èyí tó gùn. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ló fẹ́ dàgbà, Babáwálé, bá mi rẹ́rìn-ín.

O kò lè gbàgbé sàǹdáàlì tí ìyá mi rà fún mi nígbà tí a wọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Nọ́ńbà méjì ni ó fi ju ẹsẹ̀ mi lọ, wọ́n sì ki ìwé ìròyìn sí imú rẹ̀. Ìwọ náà ní tìrẹ. Tí òjò bá pa wá, ìwé náà á rọ̀ bí ẹ̀kọ, a ó sì máa wọ́ ẹsẹ̀ lọ sílé bí àwọn arúgbó. Nígbà tí ẹsẹ̀ mi fi máa kún sàǹdáàlì yẹn, ó ti jẹ tán nísàlẹ̀. Síbẹ̀, ohun tí wọ́n ṣe fún mi ni mo ṣe fún Démiládé láti ọjọ́ tó ti wọ daycare títí ó fi kúrò nílé wa. Bàtà síkì bàbá òyìnbó yẹn náà, nọ́ńbà méjì ló fi jù mí lọ. Mo kó ìwé ètò ìsìn ọjọ́ Àìkú mẹ́ta láti ṣọ́ọ̀ṣì, mo ká wọn, mo ki wọ́n sí imú bàtà. Mo rò pé mo gbọ́n.

Lọ́jọ́ Ajé kan nínú oṣù kejì ni mo bọ́ sílẹ̀ ní Colorado. Èmi nìkan ni mo lọ, wọn ò fún Ọláníkẹ́ láyè níbi iṣẹ́. Démiládé wá pàdé mi ní pápákọ̀ òfurufú. Ó kúnlẹ̀ kí mi lójú gbogbo èèyàn, ó ní: “Ẹ kú ìrìn, sà.” Oòrùn orí òkè ti mú un dúdú sí i, ó ti rù díẹ̀, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ le ju tàtẹ̀yìnwá lọ. Ó wo àpò gígùn tí mò ń wọ́ tẹ̀ lé mi, ó sì gbà á lọ́wọ́ mi. A wà nínú ọkọ̀ fún wákàtí méjì, ojú ọjọ́ nìkan la sì sọ̀rọ̀ lé lórí.

Lọ́jọ́ kejì, ó ní akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fẹ́ kọ́, nítorí náà ó fà mí lé Ashley lọ́wọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ ní Houston ni Ashley, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí síbí, tí gbogbo Yorùbá rẹ̀ kò ju ìkíni àti orúkọ oúnjẹ lọ. Ọ̀nà aláwọ̀ ewé ló mú mi lọ. Mo ṣubú níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Mo ṣubú níbi tí mo dúró sí jẹ́jẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́rin kan kọjá lára mi, ó juwọ́ sí mi. Síkì gígùn náà kò gbọ́ tèmi rárá; tí mo bá ní kí ó yà, tààrà ló ń lọ, nítorí pé àfi ẹni tó ń sáré gan-an ló lè tẹ̀ ẹ́. Nínú bàtà, ẹsẹ̀ mi ń lọ síwá sẹ́yìn. Ibi tí bàtà ti ń ṣẹ́ kò bá ibi tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi ti ń ṣẹ́ mu, nítorí náà gbogbo ìgbà tí mo bá tẹ orúnkún ni ó ń gé mi. Ashley á ní: “Uncle, ẹ pẹ̀lẹ́. Uncle, bend the knee.” Mo ka “ẹ pẹ̀lẹ́” yẹn dé mẹ́tàdínlógún kí n tó jáwọ́.

Nígbà tí mo jókòó sínú yìnyín lọ́sàn-án yẹn tí n kò lè dìde, ẹ̀rù bà mí. Kì í ṣe ẹ̀rù òkè. Ẹ̀rù pé ọ̀sẹ̀ náà yóò parí báyìí, màá padà sí Houston, “sà” ni ọmọ mi yóò sì máa pè mí títí tí wọn yóò fi sin mí.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, mo fipá ki ẹsẹ̀ bọ bàtà náà nínú ilé Démiládé. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi ti wú, mo sì pariwo. Ó sáré dé, ó kúnlẹ̀ síwájú mi, ó tú ìdè bàtà, ó fà á. Bàtà bọ́, ìwé náà sì já bọ́ sílẹ̀, ó ti rin gbindin. Ó tú u. Orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì wa ló wà lókè rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ àwọn tó ń ṣe ọjọ́ ìbí. Ó wo ìwé, ó wò mí, ó tún wo ìwé. Ó bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ ṣì ń ṣe báyìí? Ẹ ṣe é fún ara yín náà?” Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, èmi náà rẹ́rìn-ín títí mo fi di inú mú. Ìgbà tí mo máa wo ojú rẹ̀, ẹkún ló ń sun.

Ó ní: “Gbogbo bàtà tí mo wọ̀ nílé yín ló tóbi. Ẹ ní màá dàgbà bá a, mo sì ń dàgbà bá a lóòótọ́. But pharmacy, I tried. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń ki ìwé sí i. Mi ò dàgbà bá a. Ó ń gé mi lẹ́sẹ̀, mi ò sì mọ bí mo ṣe máa sọ fún yín.”

Babáwálé, mo ti di ọ̀rọ̀ mi láti Houston, mo ti tò ó lọ́kàn bí ìwàásù. Mo pa gbogbo rẹ̀ tì. Ohun tí mo sọ ni pé: “Ó dáa. Wá bá mi yan èyí tó bá mi mu.”

Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ rí ọmọ mi lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ó mú mi lọ sí ibi tí wọ́n ti ń háyà síkì, ó bi mí bí mo ṣe wúwo tó, ó ní kí n má parọ́. Ó gbé síkì kan dúró tì mí, ó dá a padà. Ó gbé òmíràn, ó dá a padà. Ó gbé èyí tí orí rẹ̀ kò kọjá àárín àgbọ̀n àti imú mi. Ó fi ọwọ́ tẹ àárín rẹ̀ wò, ó ní kí èmi náà tẹ̀ ẹ́, kí n rí i pé ó ń gbà fúnni. Ó ní èyí tó fẹ̀ jù yóò máa lọ́ra láti yà, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù yóò máa gbọ̀n lábẹ́ mi, pé fún ọ̀nà búlúù tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ tẹ́, ìwọ̀nba ló dára. Ní ti bàtà, ó ní kí n kúnlẹ̀ nínú rẹ̀, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì, òun sì fi àtàǹpàkò tẹ ibi tí ó ti ṣẹ́, títí ó fi rí èyí tó ń ṣẹ́ gẹ́lẹ́ níbi tí ẹsẹ̀ mi ti ń ṣẹ́. Ó ṣe é pẹ̀lú sùúrù tí n kò ní fún un rí. Òyìnbó mẹ́ta wá bi í ní ìbéèrè níbẹ̀, wọ́n sì gba ohun tó sọ bí ẹni gba ọ̀rọ̀ dókítà. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, orí mi wú.

Gbogbo ọjọ́ yẹn, ọ̀nà aláwọ̀ ewé la wà. Mo ṣubú, ṣùgbọ́n mo tún ń yà. Síkì kúkurú náà ń lọ síbi tí mo bá ní kí ó lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ mo ti lè yà ní ìgbà mẹ́fà léra láìṣubú, Démiládé sì ní: “Ọ̀la, sà.” Sà náà ṣì wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, àga tí wáyà ń fà gbé wa lọ sókè ọ̀nà búlúù. Mo wo ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo yára gbójú kúrò. Démiládé ní òun yóò máa lọ ṣíwájú díẹ̀, òun yóò dúró, òun yóò kọjú sí mi, kí èmi máa wo òun nìkan. Ó lọ. Mo tẹ̀ lé e. Orúnkún òsì lọ sílẹ̀, mo yà. Orúnkún ọ̀tún lọ sílẹ̀, mo yà. Bí mo ṣe ṣe é dé bí ìgbà mẹ́wàá ni mo tó rí ohun tí mò ń ṣe. Ọmọ mi dúró nísàlẹ̀, ó kọjú sí mi, èmi bàbá rẹ̀ sì ń kúnlẹ̀ bọ̀ wá bá a.

O mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa dàgbà. Kò sẹ́ni tó kọ́ wa bí bàbá ṣe ń bẹ ọmọ. Láti ọdún méjì ni mo ti fẹ́ bẹ ọmọ yìí, ẹnu mi ni kò gbà á. Mo wá jẹ́ kí orúnkún mi bá mi sọ ọ́. Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ sílẹ̀, mo ń sọ ọ́ lọ́kàn: dárí jì mí. Nígbà tó yá mo ń sọ ọ́ síta, nítorí pé atẹ́gùn pọ̀, mo sì rò pé kò lè gbọ́. Dárí jì mí, mo yà. Dárí jì mí, mo yà. Mo ṣubú lẹ́ẹ̀mejì, mo dìde. Nígbà tí mo dé ìsàlẹ̀ pátápátá, n kò mọ bí mo ṣe máa dúró, mo fi orúnkún méjèèjì lélẹ̀ síwájú rẹ̀ gbìì. Ó ti ń sunkún kí n tó dé. Ó na ọwọ́ sí mi, ó ní: “Ó ti tó, Daddy. Ẹ dìde.”

Daddy. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo dìde.

Nígbà tí a jókòó tán, ó nu ojú, ó ní: “Okay, I promised. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ school yín, mò ń gbọ́.” Mo ní: “Níbo la ti lè jẹun níbí?” A pe ìyá rẹ̀ láti ibi tí a ti ń jẹun. Nígbà tí Ọláníkẹ́ gbọ́ tí Démiládé ní “Daddy, ẹ bá mi na ketchup yẹn,” ó figbe ta nínú fóònù, ó sì ń ké halelúyà níbi iṣẹ́ rẹ̀ títí wọ́n fi wá wò ó.

N kò ní parọ́ fún ọ pé ọkàn mi ti balẹ̀ tán sí iṣẹ́ náà. Mo ṣì ń gbàdúrà nígbà gbogbo tí mo bá gbọ́ pé yìnyín pọ̀ lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n ara mi fúyẹ́, ọ̀rẹ́ mi. Mo ń sùn dáadáa. Olùkọ́ síkì tó ń pè mí ní Daddy tẹ́ mi lọ́rùn ju apòògùn tó ń pè mí ní sà. Síkì gígùn tí mo rà wà ní pálọ̀ Démiládé, jákẹ́ẹ̀tì ló ń fi kọ́.

O ṣeun fún lẹ́tà ọjọ́sí, pẹ̀lú gbogbo èébú inú rẹ̀. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí o jẹun ọmọ pẹ́. Ilé rẹ kò ní dàrú, ohùn àwọn ọmọ rẹ kò ní di àjèjì sí ọ létí, a ó sì tún fojú rinjú kí ọdún tó parí.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí a jọ wọ́ sàǹdáàlì lọ sílé nínú òjò,

Cornelius Fẹ̀hìntọlá.

Àfikún: Mo gbọ́ pé Ẹ̀bùn, ọmọ-ọmọ rẹ, ń wọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní oṣù kẹsàn-án. Bàtà rẹ̀ wà lọ́rùn mi. Jẹ́ kí ó gun orí ìwé, kí o fi gègé yí ẹsẹ̀ rẹ̀ po, kí Kùdírátù bá mi mú un bọ̀. Mo mọ̀ ọ́, má fi nǹkan kan kún un. Tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá gùn sí i, kí ó sọ fún mi, màá ra òmíràn.